Àgbájọ Ọwọ́ ní Ìlú Mondragón

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣe ìgbéyàwó ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín pè yín, tí ó kí yín kú oríire, tí ó sì sọ fún yín pé kí ẹ kó ẹrù yín nítorí pé obìnrin tí ó ti ní ọkọ kò ní àyè níbẹ̀ mọ́, kí ni ẹ óò ṣe? Bí ó bá sì wá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn, tí ẹ̀yin fúnra yín ní ìpín nínú rẹ̀, tí ẹ ń dìbò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ lójoojúmọ́ pé ọmọ ìyá ni gbogbo yín, báwo ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti rí lára yín?

Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Mondragón, ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Basque ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Sípéènì, láàárín àwọn ènìyàn tí a ń yìn káàkiri ayé lónìí pé wọ́n mọ bí a ti ń fi ìwà ọmọlúàbí ṣòwò. Arrasate ni àwọn ará ìlú náà ń pè é ní èdè tiwọn. Ibẹ̀ ni orírun àgbájọ ilé-iṣẹ́ kan tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 80 lónìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 70,000. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́ wọn. Kò sí olówó kan tí ó jókòó síbìkan tí ó ń retí kí wọ́n kó èrè wá fún òun.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá a máa dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin lójú ọ̀pọ̀ nínú yín, àti pé ọwọ́ yín ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá sí ibi tí a ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Sítóòfù ni ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ sísè àti ilẹ̀ gbígbá ni àwọn obìnrin inú rẹ̀ sì fi là á já.

Ní oṣù kejì ọdún 1941 ni àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26 dé sí Mondragón. José María Arizmendiarrieta ni orúkọ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń ríran, nítorí ìjàǹbá kan tí ó ṣe é nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọdún 1939 ni ogun abẹ́lé Sípéènì parí, ọ̀pọ̀ àwọn ará Basque sì wà ní ìhà àwọn tí a ṣẹ́gun. Wọ́n ti ti àlùfáà yìí pàápàá mọ́lé rí nítorí iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí ó ṣe nígbà ogun náà, díẹ̀ ni ó sì kù kí wọ́n pa á. Ìlú tí wọ́n rán an wá kò tóbi, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 8,000 lọ, ìyà ogun ṣì wà lára wọn, ikọ́ ife sì ń jà láàárín wọn. Wọ́n ní ìwàásù rẹ̀ kò dùn ún gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti í jókòó ti àwọn ọ̀dọ́, kí ó sì máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi rí ìdáhùn fúnra wọn.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà nínú ìlú náà nígbà náà, Unión Cerrajera, tí wọ́n ń rọ irin àti àgádágodo. Ilé-iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́-ọwọ́, ṣùgbọ́n kìkì ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà, díẹ̀ sì ni. Àlùfáà náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ìlú. Wọ́n kọ̀. Ó yí padà sí àwọn òbí, ó ní kí olúkúlùkù dá ohun tí agbára rẹ̀ bá ká, ní ọdún 1943 ni ó sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú 20 ọmọkùnrin. Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbi gbólóhùn yìí díẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ kankan tó wà, ilé-ẹ̀kọ́ ti wà; kí ilé-ẹ̀kọ́ sì tó wà, àwọn òbí tí ebi ń pa ti yọ owó kúrò nínú owó oúnjẹ. Àwọn tí ń gba ìpàǹpá owó nínú ilé ni ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn ni ó ń dín ẹran inú ọbẹ̀ kù tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Láti inú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a ti rí 11 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lálẹ́, tí wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò ní Yunifásítì Zaragoza láìgbé nínú ọgbà rẹ̀, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 1952. Márùn-ún lára wọn ti di ẹni pàtàkì ní Unión Cerrajera. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ fi kún owó òwò rẹ̀, wọ́n dábàá pé kí a jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ náà ra ìpín nínú rẹ̀. Wọn kò gbà fún wọn. Àwọn márààrún kọ̀wé iṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 100 ará ìlú ni wọ́n yá wọn lówó, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ wọn fìdí múlẹ̀ ní Mondragón. Ulgor ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n mú lẹ́tà láti inú orúkọ àwọn márààrún, wọ́n sì so ó pọ̀. Sítóòfù kẹrosíìnì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Láìpẹ́ wọ́n bọ́ sórí sítóòfù gáàsì, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, orúkọ Fagor tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn lára sì di ohun tí kò ṣàjèjì nínú ilé ìdáná Sípéènì.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe owó wọn, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó yẹ kí gbogbo obìnrin tí ó ní ẹgbẹ́ tàbí tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣòwò mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ yóò san owó ìwọlé kan tí ó sún mọ́ iye tí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ń gbà ní ọdún kan. Wọ́n lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó-oṣù rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Láti ìgbà náà, ìbò kan ni ó ní ní ìpàdé gbogbogbò, ìbò kan náà ni ọ̀gá àgbà ní. Ìpàdé gbogbogbò ni ó ń yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ ni ó ń yan ọ̀gá, bí ọ̀gá kò bá sì ṣe dáadáa, wọn a yọ ọ́. Ní ti owó-iṣẹ́, ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ kò gbọdọ̀ gbà ju ìlọ́po mẹ́ta owó ẹni tí tirẹ̀ kéré jù lọ. Nígbà tí ó yá, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi owó ńlá fa àwọn ọ̀mọ̀wé wọn lọ, wọ́n fa ìwọ̀n náà gùn títí ó fi dé ìlọ́po mẹ́fà ní àwọn ibòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù.

Ní ti èrè, ká ní ẹgbẹ́ kan jèrè ₦100,000. Ó kéré tán, ₦10,000 yóò lọ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ìlú. Ó kéré tán, ₦20,000 yóò lọ sí àpò ìṣúra tí ẹnikẹ́ni kò lè pín láéláé, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Èyí tí ó kù ni wọn yóò kọ sí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ olúkúlùkù ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kíkọ ni mo wí, n kò wí pé wọ́n pín in. Owó náà kò jáde. Nínú òwò ni yóò máa gbé, ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa gba èlé rẹ̀ lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni yóò tó gba ojú owó rẹ̀. Bí ọdún kan bá sì mú àdánù wá, wọn a yọ àdánù nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fi èrè kún un.

Ẹ rí i pé èyí yàtọ̀ sí èsúsú tí a ń dá. Èsúsú dára, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kékeré sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú mi. Òun ni ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọ̀pọ̀ ìyá wa, òun ni ó sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n èsúsú a máa kó owó jọ lọ́wọ́ kan, a sì máa tú u ká lọ́wọ́ kejì. Bí ẹni ìkẹyìn bá ti kó tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò ní kọ́bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ti mú lágbára ní ilẹ̀ Yorùbá láti àwọn ọdún 1930, ti gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú: wọ́n ń kó owó pamọ́, wọ́n ń yáni lówó. Ohun tí àwọn ará Mondragón fi kún un ni pé wọn kò yá owó náà fún ọmọ ẹgbẹ́ láti fi ṣe ìnáwó nìkan, ọ̀nà tí iṣẹ́ tuntun yóò fi jáde fún ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe.

Báńkì ni wọ́n fi ṣe èyí. Ní ọdún 1959 ni àlùfáà náà dábàá pé kí àwọn ẹgbẹ́ dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó tẹ̀ lé e títí ó fi ṣeé ṣe; Caja Laboral ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará ìlú kò ju pé kí wọ́n fi owó wọn pamọ́ sí ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n di ẹrù kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Ní àkókò kan náà ni ìjọba Sípéènì sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe òṣìṣẹ́, pé ọ̀gá ara wọn ni wọ́n, nítorí náà wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àìsàn tí ìjọba ń pèsè fún òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìbá ti da ẹgbẹ́ rú ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn: wọ́n dá ètò ìtọ́jú tiwọn sílẹ̀, Lagun Aro, tí ó ń ronú kan ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ó fẹ̀yìn tì, àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ti rí i báyìí pé ilé yìí dára. Ṣùgbọ́n ibo ni obìnrin wà nínú rẹ̀?

Nínú òfin tí ìjọba Ọ̀gágun Franco gbé jáde ní ọdún 1938 ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìjọba yóò dá obìnrin tí ó ní ọkọ sílẹ̀ kúrò nínú ilé-iṣẹ́. Ẹ gbọ́ èdè tí wọ́n lò: bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é lóore. Títí di ọdún 1975 ni òfin ń béèrè pé kí ìyàwó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kí ó tó lè gba iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Sípéènì, ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ relé ọkọ yóò gba owó díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó, yóò sì máa lọ. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Mondragón kò yàtọ̀. Ní Ulgor, àwọn ọmọbìnrin wà lára àwọn tí ń to sítóòfù pọ̀, ṣùgbọ́n títí di àárín àwọn ọdún 1960, bí wọ́n bá ti gbéyàwó, iṣẹ́ parí. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fi Unión Cerrajera sílẹ̀ nítorí pé a kò fún òṣìṣẹ́ ní ìpín, àwọn náà ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń sọ fún aya wọn pé ìpín rẹ̀ ti tán. N kò rò pé ìkà ènìyàn ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá nínú ìlú ni wọ́n gbé wọ inú ẹgbẹ́, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń ṣe nínú ilé wa tí a kò tíì yẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n mú òfin náà kúrò, ìṣòro kò tíì tán. Iṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ọjọ́. Ta ni yóò gba ọmọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí? Ta ni yóò se oúnjẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ mọ̀ pé ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ nìkan, títì ni ó wà fún yín. Ní ọdún 1969 ni àwọn obìnrin kan ní Mondragón, tí àlùfáà náà gbà wọ́n níyànjú, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀. Auzo Lagun ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Basque ń pè ní auzolan, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń pawọ́ pọ̀ ṣe láìgba owó, bíi kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe tàbí kí wọ́n ran aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ sí ọ̀wẹ̀ rí kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn obìnrin Auzo Lagun kò lọ kọ́ iṣẹ́ irin. Wọ́n wo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀, wọ́n sì fi iye lé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú náà, gbogbo wọn ni yóò jẹun ọ̀sán. Wọ́n gba iṣẹ́ oúnjẹ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń dọ̀tí, wọ́n gba iṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Wọ́n ṣètò àkókò iṣẹ́ wọn sí abọ̀ ọjọ́, kí ìyá lè wà nílé nígbà tí ọmọ bá dé. Wọ́n san owó ìwọlé bíi ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ń dìbò, wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ tiwọn, orúkọ tiwọn ni a kọ èrè sí, owó ìfẹ̀yìntì sì ń dúró dè wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, ṣé oúnjẹ náà ni, ṣé ilẹ̀ gbígbá náà ni, ṣé kò sí iṣẹ́ mìíràn fún obìnrin? Àwọn mìíràn ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ nù. Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè yìí kì í tán. Èrò tèmi ni pé ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín kí a fi obìnrin sí ìdí ìkòkò láìsí owó, láìsí ìbò, láìsí ọjọ́ ogbó, àti kí òun fúnra rẹ̀ ni ó ni ìkòkò, ìdáná àti ìwé àkọsílẹ̀ owó. Ẹni tí ó mọ iye tí oúnjẹ ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ná ni, tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ra ẹ̀wà àti ìgbà tí kò yẹ, máníjà ni ẹni náà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Kò tọ́ kí n jẹ́ kí ẹ rò pé láti ìgbà náà ni oyin ti ń ṣàn ní Mondragón. Ulgor dàgbà jù. Ibi tí ènìyàn díẹ̀ ti ń jókòó yí tábìlì ká wá di ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò sì mọ ẹni tí ó wà lókè mọ́. Ní ọdún 1974, wọ́n ṣe ètò tuntun kan láti fi díwọ̀n iṣẹ́ olúkúlùkù àti owó tí ó yẹ ẹ́. Inú àwọn kan kò dùn sí ipò tí a fi wọ́n sí. Nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì, èyí tí òfin ẹgbẹ́ kò gbà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ sì lé 17 tí wọ́n ṣáájú kúrò. Ìpàdé gbogbogbò fọwọ́ sí i. Ilé dàrú, ọ̀rẹ́ kò kí ọ̀rẹ́. Ọdún 1978 ni ìpàdé gbogbogbò kan náà tún dìbò pé kí wọ́n gbà wọ́n padà. Arizmendiarrieta kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Oṣù kọkànlá ọdún 1976 ni ó kú. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ náà kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan tóbi títí ojú kò fi ní mọ ojú. Dípò bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ka kan bá ti lágbára, kí ó dá dúró bí ọmọ tí ó kúrò nílé bàbá rẹ̀, kí ó sì máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé nínú àgbájọ.

Àgbájọ náà ń gbòòrò. Ilé-ìtajà Eroski ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, níbi tí àwọn oníbàárà pẹ̀lú ti ń dìbò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi 20 ọmọ bẹ̀rẹ̀ di ara yunifásítì ní ọdún 1997. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò sì ní ìbò. Èyí ni àbùkù tí àwọn tí ó fẹ́ràn wọn pàápàá ń tọ́ka sí jù lọ.

Lẹ́yìn náà ni ti Fagor dé. Ní ọdún 2005, Fagor Electrodomésticos, ọmọ Ulgor àtijọ́, ra ilé-iṣẹ́ Brandt ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Sípéènì wó láti ọdún 2008, tí kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ilé mọ́, kò sí ẹni tí ó ń ra fíríìjì. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń dá owó, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn gbà kí a dín owó-iṣẹ́ wọn kù nítorí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ pé àwọn kò lè fi owó kún un mọ́. Ẹ̀ka tí a bí ṣáájú gbogbo wọn kógbá wọlé. Nǹkan bí 5,600 ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè gbogbo.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fagor kò pẹ́ lójú pópó. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó kù gba ọ̀pọ̀ wọn sí iṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ó dùn mí jù. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́ bá ilé-iṣẹ́ náà lọ, títí kan owó tí àwọn mìíràn, àti àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, fínnúfíndọ̀ yá a nítorí ìfẹ́. Ilé tí bàbá àti ìyá ti jọ kó gbogbo iṣu wọn sínú àká kan náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá. Nítorí náà, bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá jọ ń ṣòwò kan, tàbí tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí owó díẹ̀ wà níbòmíràn ní orúkọ yín. Kí ọkọ yín mọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe owó ìkọ̀kọ̀ ni mo ń sọ. Ẹ sì máa béèrè ìwé ìṣirò lọ́dọọdún. Mo ti rí obìnrin tí ó ń dá owó sí ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́wàá tí kò mọ ẹni tí akọ̀wé rẹ̀ jẹ́. Ìtìjú ni ó ń mú un, ó ní wọn yóò rò pé òun kò fọkàn tán wọn. Ẹgbẹ́ tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí pé a béèrè ìṣirò, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì, Ulma àti Orona, dìbò láti jáde kúrò nínú àgbájọ náà. Wọ́n fẹ́ dá dúró, wọn kò sì fi ìlànà alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá wọn dúró, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlànà náà ti sọ pé fúnra ẹni ni a ń wọlé, fúnra ẹni ni a sì ń jáde.

Auzo Lagun ṣì wà. Ausolan ni orúkọ rẹ̀ báyìí, inú àgbájọ náà ni ó sì wà. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó, ó ń tọ́jú ilé-iṣẹ́, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Fagor tí kò fẹ́ ìyàwó ilé nígbà kan rí ti ilẹ̀kùn rẹ̀, iná kò kú nínú ilé ìdáná àwọn ìyá wọ̀nyí.